Dísìkì oníhò kọ́ ló ń dá mọ́tò dúró: Ohun tó yẹ kí ọlọ́kọ̀ wò kó tó náwó sórí bíréèkì

Ẹni tó bá wọ ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, tàbí tó yà sí ọjà sípéà páàtì Àràrọ̀mí ní Géètì n'Íbàdàn, yóò rí i pé dísìkì bíréèkì kì í ṣe irin dúdú tí wọ́n ń tò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nìkan mọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n gbé kọ́ sókè bí ohun ẹ̀ṣọ́. Wọ́n ń dán bíi dígí, wọ́n lu ihò yí wọn ká, wọ́n sì fa ilà wọ́rọ́kọ́ sí òmíràn lára. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Corolla tàbí Honda tòkunbọ̀ ni irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń wá. Wọ́n á sọ fún un pé èyí gan-an ni wọ́n ń lò fún mọ́tò ìdíje lókè òkun, pé bó bá ti fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì báyìí, ńṣe ni ọkọ̀ yóò dúró gbọn-in. Yóò sanwó, mẹkáníìkì yóò bá a dè é, wọ́n á wá fi rímù tó ṣí sílẹ̀ gbayawu bò ó kí aráyé lè rí irin tó ń dán nínú. Ọkọ̀ ti di àrímáleèlọ. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì bíréèkì inú ọkọ̀ yìí kan náà ti dúdú bí omi aró, táyà rẹ̀ ti le bíi pátákó, kò sì sí ẹni tó béèrè wọn.

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ bíréèkì dójú àmì kì í fi pa mọ́ fún oníbàárà wọn ni pé, lójú títì tí gbogbo ayé ń rìn, dísìkì oníhò kì í dín ọ̀nà tí ọkọ̀ máa ń rìn kó tó dúró kù. Owó tí ì bá dá ẹ̀mí sí wà níbòmíràn, ibi tí ojú kò sì lè rí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà.

Ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà

Iṣẹ́ bíréèkì kò ju pé kó sọ eré di ooru. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ pẹ́dàlì, ọ́ìlì inú páìpù ni yóò gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí kálípà tó wà nídìí táyà. Kálípà yóò fi páàdì méjì fún dísìkì mọ́ àárín bí alágbẹ̀dẹ ti ń fi ẹ̀mú mú irin, páàdì yóò máa ha dísìkì, eré yóò máa kú, ooru yóò sì máa jáde. Ooru náà kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ tó wúwo tó 1,500 kìlógíráàmù, tó ń sá eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, bó bá dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ooru tó jáde tó láti mú kí omi tútù tó ju lítà 1 àti ààbọ̀ lọ hó. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru ń dà. Nítorí náà, ẹni tó ń sá 100 lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ń di ẹrù tó tó mẹ́rin ti ẹni tó ń sá 50 lé bíréèkì rẹ̀ lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú mọ́tò kan náà ni àwọn méjèèjì ń wà.

Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì ló ṣe ìrésà. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnì tó ń sáré náà ni wọ́n jókòó ṣírò bíréèkì tó lè ká a lọ́wọ́ kò, wọ́n sì fi díẹ̀ lé e nítorí ẹrù àti òkè. Ọkọ̀ èyíkéyìí tí bíréèkì rẹ̀ pé lè tẹ táyà débi tí kò ní lè yí mọ́, pẹ̀lú dísìkì àti páàdì tó bá a jáde nílé iṣẹ́. Ẹni tó bá ti tẹ bíréèkì tagbáratagbára rí lórí ọ̀dà gbígbẹ, tó sì gbọ́ tí táyà han gooro, tàbí tí ABS ń gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ti dé òpin ohun tí bíréèkì lè ṣe. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ táyà ló kù sí. Bíréèkì ń dá táyà dúró, táyà ló ń di títì mú. Bí wọ́n bá fi dísìkì oníwúrà sí i, táyà ọ̀hún náà ni yóò ṣì máa yọ̀.

Lórí títì gbígbẹ, pẹ̀lú táyà tó dára, ọkọ̀ tó ń sá 100 yóò rìn tó nǹkan bíi mítà 48 láti ìgbà tí bíréèkì ti mú un títí tí yóò fi dúró. Kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó dé orí pẹ́dàlì pàápàá, bó bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré ronú, ọkọ̀ ti rìn mítà 28. Bí òjò bá rọ̀, tí ojú táyà sì ti jẹ tán, mítà 48 yẹn lè di 80 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ihò tí wọ́n lè lu sára irin tí yóò dá mítà wọ̀nyí padà. Ẹni tó bá ní owó dísìkì oníhò lọ́wọ́, tó sì ń lo táyà tòkunbọ̀ tó ti pé ọdún mẹ́wàá, ó yẹ kó wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà dáadáa. Nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀ tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Rọ́bà kì í ṣe wáìnì. Kì í dára sí i bó bá ti ń pẹ́.

Ibi tí ihò ti wá

Síbẹ̀, ihò ara dísìkì kì í ṣe irọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Frederick Lanchester, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe mọ́tò ní Birmingham, ló gba ìwé àṣẹ lórí bíréèkì onídísìkì ní 1902. Irin ló ń ha irin nínú tirẹ̀, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbajúmọ̀. Dúrọ́ọ̀mù ló jọba fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Ní 1953, ilé iṣẹ́ Jaguar gbé mọ́tò C-Type lọ sí ìdíje oníwákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, bíréèkì onídísìkì tí Dunlop bá wọn ṣe sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń lo dúrọ́ọ̀mù ní láti tètè máa dín eré kù kí wọ́n tó dé kọ́nà, torí bíréèkì wọn a máa gbóná, a sì máa rẹ̀. Jaguar ń sá dé ẹnu kọ́nà kó tó tẹ tirẹ̀. Tony Rolt àti Duncan Hamilton ló wà á tí wọ́n fi gba ipò kìíní. Lọ́dún 1955, Citroën gbé DS jáde fún ará ìlú pẹ̀lú dísìkì níwájú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní 1975, dísìkì ló wà níwájú Peugeot 504 tó sọ gbogbo ojú ọ̀nà Nàìjíríà di ilé. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀, òun ló sì kó èrò láti Èkó títí dé Máídúgùrì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn onímọ́tò ìdíje ló bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò nígbà tó yá. Páàdì ayé ìgbà náà, bó bá gbóná kọjá ààlà, oje tí wọ́n fi lẹ èròjà rẹ̀ pọ̀ a máa jóná, gáàsì a jáde, gáàsì náà a sì dúró láàárín páàdì àti dísìkì bí ìrọ̀rí. Bíréèkì kò ní mú mọ́. Ihò ni wọ́n lù kí gáàsì lè rí ibi gbà sá, ó sì tún mú kí dísìkì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe páàdì kò sùn. Páàdì òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ tú gáàsì mọ́, nítorí náà ìdí pàtàkì tí ihò fi wáyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò ńlẹ̀. Àǹfààní tó kù kò ju pé omi òjò a máa tètè kúrò lójú dísìkì. Àléébù rẹ̀ ńkọ́? Irin tí ihò jẹ kúrò jẹ́ irin tí ì bá gba ooru sára, ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí irin ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í sán nígbà tó bá ń gbóná tó ń tutù. Ìsán kékeré kan a máa nà láti inú ihò kan dé èkejì, títí dísìkì yóò fi là.

Wọ́n á ní Porsche ṣì ń gbé dísìkì oníhò jáde fún títì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ṣírò ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan yóò wà, wọ́n sì mọ irú irin tí wọ́n lò. Dísìkì lásán tí ẹnì kan fi dírìlì lu lẹ́yìn ilé, tó wá kùn ún ní ọ̀dà pupa, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá lè kúrò lára ohun tó ń dán, kó ra èyí tí wọ́n fa ilà sí dípò ihò. Kì í tètè sán, àmọ́ páàdì yóò máa tètè jẹ sí i.

Páàdì ló lọ́rọ̀ sọ

Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ènìyàn fẹ́ kí bíréèkì rẹ̀ sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, páàdì ni kó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Èyí tó rọ̀, tí wọ́n fi okùn àti oje ṣe, kì í pariwo, owó rẹ̀ kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń tètè jẹ, kì í sì í fara da ooru gígùn. Èyí tí ẹ̀lọ̀ irin pọ̀ nínú rẹ̀ ń fara da ooru àti ẹrù wíwúwo, àmọ́ ó lè máa dún, ó sì ń jẹ dísìkì. Ẹlẹ́kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní sẹ̀rámíìkì. Kì í pariwo, ẹrùpẹ̀ rẹ̀ kì í dúdú lára rímù, ó ń pẹ́, owó rẹ̀ sì ga. Àwọn ọlọ́jà a máa tà á bí ẹni pé idán wà nínú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ìmọ́tótó ni wọ́n ń tà gan-an, kì í ṣe pé ọkọ̀ yóò dúró ní ìdajì ọ̀nà.

Ti mọ́tò ìdíje tún wà, òun ló sì léwu jù fún ará ilé. Wọ́n ṣe páàdì yẹn fún ẹni tó ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́ lórí eré àsápajúdé, tí dísìkì rẹ̀ ń pọ́n bí ẹ̀yinná. Nígbà tó bá tutù, kì í mú dáadáa. Ta ni bíréèkì rẹ̀ ń pọ́n bí ẹ̀yinná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjọ́ta? Láàárọ̀ kùtù, tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé, tí ọmọ ilé ìwé ṣàdédé já sójú títì, páàdì olówó iyebíye yìí yóò tutù bí òkúta, páàdì ẹlẹ́gbẹ́ ọkọ̀ tó wá láti ilé iṣẹ́ ni ì bá sì ti mú ṣáájú rẹ̀.

Ohun kan wà lára ọ̀pọ̀ páàdì tí oníbàárà kì í kà. Ní ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lẹ́tà méjì wà tí wọ́n tẹ̀ tẹ̀ léra wọn, bíi EF, FF tàbí GG. Lẹ́tà kìíní ń sọ bí páàdì ṣe ń dì mú nígbà tí bíréèkì kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ bó ṣe ń dì mú nígbà tó bá gbóná gan-an. E wà láàárín 0.25 sí 0.35, F láàárín 0.35 sí 0.45, G láàárín 0.45 sí 0.55, bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ń dì mú tó. FF túmọ̀ sí pé ìdìmú rẹ̀ wà nípele kan náà nígbà tútù àti nígbà gbígbóná, ó sì bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé mu. Ẹni tó rí FE gbọ́dọ̀ mọ̀ pé yóò máa rẹ̀ bó bá ti ń gbóná. Lẹ́tà wọ̀nyí kò sọ bí páàdì yóò ti pẹ́ tó, ẹni tó ń ṣe ayédèrú sì lè tẹ lẹ́tà tó bá wù ú síbẹ̀, nítorí náà wọn kì í ṣe ẹ̀rí pátápátá. Ṣùgbọ́n páàdì tí kò ní lẹ́tà, tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é, tí ojú irin ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákaṣàka, tí a sì ń rí àlàfo láàárín irin yìí àti ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, kò yẹ kó wọ ọkọ̀ tí ọmọ ènìyàn ń gbé. Irú rẹ̀ ló ń ṣí kúrò lára irin lọ́jọ́ kan, tí irin yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá irin.

Nítorí ayédèrú yìí ni àwọn mẹkáníìkì kan fi ń búra pé páàdì tòkunbọ̀ sàn ju tuntun lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, torí páàdì tó bá ọkọ̀ wọlé láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà kì í sábà jẹ́ gbàrọgùdù. Àmọ́ ta ni yóò sọ iye ìgbà tó ti gbóná kọjá ààlà, tàbí bóyá gíríìsì ti ta sí i rí? Dísìkì ẹlòmíràn ló sì ti bá mọ́ra. Tuntun tó ní orúkọ, láti ọwọ́ ẹni tí yóò gbà á padà bí kò bá dára, ló yẹ ní rírà, bó tilẹ̀ gba kí ènìyàn dúró di ìparí oṣù.

Ọ̀rọ̀ ẹrùpẹ̀ páàdì náà kò yẹ kó kọjá báyìí, torí àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń pa lára. Láti ìgbà tí Herbert Frood ti dá ilé iṣẹ́ tó wá di Ferodo sílẹ̀ ní England ní 1897 ni àwọn ènìyàn ti ń wá ohun tó lè ha irin láì jóná, asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n sì lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹrùpẹ̀ rẹ̀ ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fara hàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ní 1999, gbogbo àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé e ní 2005. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ó wà nínú páàdì tí kò ní orúkọ. Síbẹ̀, nínú ọgbà mẹkáníìkì, ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ fọganáísà ni ọmọ iṣẹ́ ọdún mẹ́rìnlá fi ń fẹ́ ẹrùpẹ̀ náà dànù. Aṣọ tí wọ́n fi omi rẹ ló yẹ kí wọ́n fi nù ún.

Ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní àfọwọ́fà

Ibi tí ẹ̀mí ti ń lọ jù ni ibi tí owó rẹ̀ kéré jù. Ọ́ìlì bíréèkì tó wọ́pọ̀ a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti ara ìdérí àti rọ́bà páìpù. Nílùú tí òjò àti ọ̀rinrin pọ̀ tó báyìí, kì í pẹ́. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára gbọ́dọ̀ lè gbóná dé 205°C kó tó hó nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú agolo. Bó bá ti fa omi tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, òdiwọ̀n rẹ̀ á já wálẹ̀ sí 140°C. DOT 4 ń bẹ̀rẹ̀ ní 230°C, ó ń já sí 155°C.

Kí wá ni wàhálà híhó? Ọ́ìlì kò ṣeé fún pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè gbé agbára ẹsẹ̀ dé ìdí táyà. Oruku tó ń jáde nínú ọ́ìlì tó hó ṣeé fún pọ̀ bíi fùkẹ̀. Awakọ̀ yóò tẹ pẹ́dàlì, pẹ́dàlì yóò wọlẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ọkọ̀ kò ní bìkítà. Dísìkì ń bẹ, páàdì ń bẹ, bíréèkì kò sí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń da àwọn ènìyàn lójú rú. Wọ́n á wọ́ ọkọ̀ tó forí sọgi lọ sí ọgbà mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì yóò tẹ bíréèkì wò lọ́jọ́ kejì, bíréèkì yóò mú ṣinṣin, torí ọ́ìlì ti tutù, oruku ti padà di omi. Yóò mi orí. Wọ́n á ní ọkọ̀ náà kò ní nǹkan kan tó ṣe é, àfi bó bá jẹ́ ọwọ́ ayé. Wọ́n á dárúkọ ìyàwó bàbá, wọ́n á lọ sílé aláfọ̀ṣẹ, ọ́ìlì tó dúdú yóò sì wà nínú ike rẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi ra ọkọ̀ ọ̀hún. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ya bíréèkì tó kọ̀ sọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ohun tó ń fa ìjàǹbá. Aláfọ̀ṣẹ kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà.

Orí òkè ló ń hàn sí jù. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ní òkè Milken ní Enúgù, tàbí lójú ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó ti ibùdó màlúù Òbúdú wálẹ̀, tó sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, ń sè é ni. Jíà kékeré ló yẹ kó kì í sí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnì lè máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ọkọ̀ aláfọwọ́yí kọ́ nìkan ló lè ṣe é. Èyí tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ ní 2 tàbí L lára ọ̀pá jíà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ni irú ọkọ̀ náà kò sì fọwọ́ kan lẹ́tà yìí rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á.

Kí wọ́n fa gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ jáde, kí wọ́n fi DOT 4 tuntun láti inú agolo tí wọn kò tíì ṣí rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún méjì-méjì: èyí ni àtúnṣe tó dára jù tí owó díẹ̀ lè ra fún bíréèkì. DOT 4 lè wọ inú ọkọ̀ tó ń lo DOT 3. DOT 5 yàtọ̀ pátápátá, sílíkóònù ni, kò gbọ́dọ̀ bá wọn pàdé. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì a máa wú rọ́bà inú bíréèkì títí yóò fi bàjẹ́. Àwọn awakọ̀ tó ń da omi ọṣẹ sí i nígbà tí ọ́ìlì bá tán lójú ọ̀nà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n bá ń rìn jẹ́jẹ́ dé ọgbà mẹkáníìkì tó wà nítòsí. Ẹni tó wá fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ń gbé ohun tó ń hó ní 100°C kiri, ó sì ń fi ìpatà bọ́ irin.

Ti dísìkì gan-an

Dísìkì lásán tó nípọn dára ju oníhò tó ti rí pẹlẹbẹ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é a máa tẹ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ tínrín jù sí ara rẹ̀, wọ́n á kọ MIN TH àti nọ́ńbà ní mílímítà. Èyí tó jẹ́ 22 nígbà tó wà ní tuntun lè ní 20 gẹ́gẹ́ bí òpin. Mílímítà méjì péré ni. Nígbà tí dísìkì bá ti ń gbọ̀n, tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, ó yẹ kí ọlọ́kọ̀ béèrè iye tó kù lẹ́yìn tí wọ́n fá a tán. Dísìkì tó ti kọjá òpin kò ní irin tó láti gba ooru mọ́, gbogbo ooru náà á wá wọ inú páàdì àti ọ́ìlì. Tọ̀tún tòsì ni wọ́n sì ń pààrọ̀ pọ̀. Ẹni tó pa ọ̀kan lára wọn tì, ọkọ̀ rẹ̀ yóò máa yà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Gbígbọ̀n náà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹ̀bi dísìkì. Bí wọ́n bá fi agbára ti nọ́ọ̀tì kan nídìí táyà, tí wọ́n fọwọ́ rọ̀ ti èkejì, dísìkì lè jókòó wọ́rọ́kọ́. Awakọ̀ tó ti tẹ bíréèkì tó gbóná, tó wá fi ẹsẹ̀ lé e gbọn-in níbi tó ti dúró, lè mú kí páàdì fi àmì ara rẹ̀ sílẹ̀ lójú kan.

Ní ti àwọn tó ń ra dísìkì tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, ó ń fi kún agbára bíréèkì, ó sì ń gba ooru púpọ̀ sára. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ti pín iṣẹ́ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ẹrù ń sún sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró. Bí iwájú bá wá lágbára ju bó ṣe yẹ lọ, táyà iwájú yóò ti máa yọ̀ kí tẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi, ọkọ̀ yóò sì gùn sí i kó tó dúró. Ẹni tó ń kó èrò méje àti ẹrù nínú Sienna láti Èkó lọ sí Àbújá lè ní ìdí pàtàkì fún páàdì tó ń fara da ooru àti dísìkì tuntun tó nípọn. Kò ní ìdí fún dísìkì tó tóbi ju ti ilé iṣẹ́ lọ, àfi bí ẹni tó mọ ìṣirò rẹ̀ bá ṣe ti iwájú àti tẹ̀yìn pọ̀.

Bí páàdì àti dísìkì tuntun bá sì ti wọlé, iṣẹ́ kò tíì parí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń kánjú. Ó yẹ kí wọ́n wá ojú ọ̀nà tó dá, kí wọ́n sá eré bí 60, kí wọ́n rọra tẹ bíréèkì títí eré yóò fi wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20, láì dúró pátápátá, kí wọ́n tún sáré, kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, tó bí ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wà á jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tutù. Èyí ló ń mú kí páàdì fi ara rẹ̀ lẹ ojú dísìkì dọ́gbadọ́gba. Òórùn díẹ̀ lè jáde nígbà náà, kò léwu.

Kí ọlọ́kọ̀ tó kúrò lọ́gbà mẹkáníìkì, kó gba páàdì àtijọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè sọ pé ìdọ̀tí ni, àmọ́ ó lọ́rọ̀ sọ. Bí ọ̀kan bá jẹ dé irin tí èkejì rẹ̀ nínú kálípà kan náà ṣì nípọn, kálípà ti há, páàdì tuntun náà yóò sì jẹ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ gọ̀ọ́rọ́gọ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, kò jókòó dáadáa. Bí gbogbo wọn bá sì ṣì nípọn ju mílímítà 3 lọ, tí ojú wọn kò sán, tí ọ́ìlì kò sì ta sí wọn, ó yẹ kí ó béèrè ìdí tí wọ́n fi yọ wọ́n.